Single leg X: ìdí yín ni kó lọ bá ẹsẹ̀ rẹ̀

Ẹsẹ̀ mi kúrú. Bí ẹ bá rí mi nínú gi, aṣọ tí a fi ń ja jiu-jitsu Brazil, ẹ ó rò pé ṣòkòtò ẹlòmíràn ni mo yá wọ̀. Gádì ni ọ̀nà tí ẹni tó wà nílẹ̀ ń gbà fi ẹsẹ̀ ká ẹni tó ń bá jà lọ́wọ́ kò. Èyí tó bá ń fẹ́ ẹsẹ̀ gbọọrọ, irú De La Riva, tí ẹsẹ̀ máa ń lọ́ mọ́ ìta ẹsẹ̀ ẹni náà, kì í gbè mí bí ẹni tí mo ń bá jà bá ti ga. Single leg X ni mo fara mọ́ ní tèmi: mo wà nílẹ̀, òun wà lóòró, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì de ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo. Marcelo Garcia, tó gba ipò kìíní ní ADCC, ìdíje ìjàkadì láìsí gi, ní 2003, 2005, 2007 àti 2011, kì í ṣe òmìrán. Ìsọ̀rí àwọn tí kò tó kílò 77 ló ti ń jà, síbẹ̀ abẹ́ àwọn tó sanra jù ú lọ ló máa ń wọ̀ láti dá wọn mọ́lẹ̀, pàápàá pẹ̀lú gádì X, tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti ń kọ́ra bí X lábẹ́ ẹni tó dúró, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n sí èyí tí à ń sọ.

Ohun tí mo máa ń pariwo lé àwọn tí mo ń kọ́ lórí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má fa ẹsẹ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Ẹni tó dúró ti gbé ara lé ẹsẹ̀ yẹn. Bí ẹ fà á títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní wá, apá yín ni yóò kú. Ìdí yín ni kó lọ bá a.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kó má baà dojú rú. Ẹ̀yin fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó dúró sí iwájú yín. Ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ìbàdí rẹ̀: ọ̀tún yín lórí òsì rẹ̀, òsì yín lórí ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún yín yóò di gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. Ọwọ́ òsì yóò di etí ọwọ́ gi rẹ̀ ọ̀tún mú. Bí kò bá sí gi, ọrùn ọwọ́ náà yóò ṣe é. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ tẹ ìbàdí yẹn, kí ìdí yín gbéra kúrò lórí máàtì, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gan-an. Mo ní gan-an. Bí ọwọ́ bá ṣì lè wọ àárín ìdí yín àti gìgísẹ̀ rẹ̀, ẹ ò tíì dé ibẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá dé ibẹ̀ ni ẹ ó tó yọ ẹsẹ̀ òsì yín kúrò lórí ìbàdí rẹ̀, kí ẹ tì í bọ àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kó sì kọ́ ẹ̀yìn itan òsì rẹ̀, lábẹ́ ìdí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yín ò ní kúrò níbi tó wà. Gìgísẹ̀ rẹ̀ yóò wá bọ́ sábẹ́ abíyá ọ̀tún yín, kí ẹ há a mọ́ ibẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ lẹ̀ mọ́ ìhà.

Bó bá jẹ́ inú gádì títì, níbi tí ẹsẹ̀ yín ti kọ́ra mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ló ti dìde dúró, ọ̀nà kan náà ni: ẹ tú ẹsẹ̀, ẹ gbé e lé ìbàdí rẹ̀, ẹ wọlé. Láti De La Riva pàápàá, ẹsẹ̀ ọ̀tún tó lọ́ mọ́ ìta ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kàn tú, yóò gun orí ìbàdí ni. Ọwọ́ yín ti wà ní gìgísẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ibi tó ń dun ọ̀pọ̀ ènìyàn ni orúnkún. Wọ́n á máa wo ẹsẹ̀ tó wà lórí ìbàdí, wọ́n á gbàgbé pé orúnkún méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Orúnkún yín gbọ́dọ̀ há itan rẹ̀ mọ́ra bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, lókè orúnkún tirẹ̀, kì í ṣe nísàlẹ̀. Bí orúnkún rẹ̀ bá ti yọ jáde láàárín tiyín, gádì ti tán nìyẹn. Ẹ yáa múra láti tún gádì mìíràn gbé kalẹ̀. Bó bá há dáadáa, ẹ ó máa gbọ́ bí ṣòkòtò gi ṣe ń ha ara wọn nígbà tó bá ń fà, ẹsẹ̀ náà kò sì ní lọ síbì kankan.

Ó kù ká dá a. Ẹ yí orúnkún rẹ̀ síta díẹ̀, kó má lè tẹ̀ ẹ́ síwájú mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé ìbàdí yín sókè, kí ẹ̀yìn yín ká bí ẹ ti ń gbé e, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ti ìbàdí rẹ̀ lọ. Yóò fìdí jókòó. Ìdí tí a fi di ọwọ́ gi rẹ̀ mú nìyẹn o, kó má baà rí ọwọ́ fi tẹ ilẹ̀ lẹ́yìn. Bí ó ti ń ṣubú, ẹ tú ọwọ́ òsì, ẹ fi tẹ máàtì, kí ẹ sì dìde bá a pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ abíyá. Lábẹ́ òfin IBJJF, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣètò ìdíje jiu-jitsu, bí ẹ bá wà lókè fún ìṣẹ́jú-àáyá 3, àmì 2 ti di tiyín. Ẹni tó bá jù ú sílẹ̀ tó sì wá jókòó máa wò ó ti fi àmì rẹ̀ ta lọ́rẹ.

Bó bá ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ gbé ara ró sẹ́yìn, ẹ jọ̀wọ́ ọwọ́ gi, kí ọwọ́ òsì yín di ọrùn ẹsẹ̀ yẹn mú, kí ẹ tún gbé ìbàdí. Kò ní rí ẹsẹ̀ tí yóò fi sá sẹ́yìn mọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń da ara bò yín, ẹ gbá ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ èjìká òsì: ọ̀nà gádì X ti ṣí nìyẹn, àlàyé rẹ̀ sì pọ̀ ju kí n rọ́ ọ síhìn-ín.

Ẹ ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe kò ní bá orúnkún yín jà; ẹsẹ̀ ọ̀tún yín ni yóò fi ọwọ́ já kúrò ní ìbàdí. Bí ẹ bá rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀, ẹ tètè dá a, ẹ má dúró gbà á.

Ọ̀rọ̀ òfin: ẹsẹ̀ ọ̀tún yín kò gbọdọ̀ kọjá àárín ara rẹ̀ lọ sí ìhà kejì kó máa ti orúnkún rẹ̀ wọlé. Nínú gi, rẹfirí IBJJF yóò lé yín jáde fún un, nítorí orúnkún lè já. Ìbàdí òsì rẹ̀ ni ààlà. Títẹ ọrùn ẹsẹ̀ tààrà (straight ankle lock) wà fún àgbàlagbà láti bẹ́líìtì funfun, ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ibi tí ẹ sì wà yìí ni a ti ń ṣe é. Yíyí gìgísẹ̀ (heel hook) ni kí ẹ fi sílẹ̀: láti 2021, àgbàlagbà oní bẹ́líìtì buráwùn àti dúdú nìkan ni wọ́n gbà á fún, láìsí gi.

Bí ẹ bá fẹ́ fi dánra wò, ẹ wọ ipò náà, kí ẹ sì ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà. Kí ẹnìkejì yín máa wá bí yóò ṣe yọ ẹsẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ná, kó tó wá di agbára. Orúnkún nìkan ni kí ẹ fi dá a dúró. Ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì lẹ́yìn ìyẹn. Ibẹ̀ ni orúnkún tó ń ṣọ̀lẹ ti máa ń hàn.