Bí A Ṣe Ń Tọpa Skisofréníà Nínú Ìdílé àti Nínú Àbùdá

Kọ́kọ́ ya àwòrán ìdílé rẹ sórí ìwé, láti orí àwọn òbí àgbà títí dé orí àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá, kí o sì kọ ọjọ́ orí tí skisofréníà, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tó máa ń da ìrònú ènìyàn rú, bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tó ní in. Má ṣe béèrè ẹni tó ya wèrè, nítorí àwọn àgbà yóò pa ẹnu mọ́; béèrè ẹni tó máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tó gbà pé wọ́n ń lépa òun.

Gbé ìwé yìí lọ bá dókítà ọpọlọ. Bí wọ́n bá bí aláìsàn náà pẹ̀lú àbùkù ọkàn, tí ẹ̀kọ́ sì ṣòro fún un láti kékeré, béèrè nípa àyẹ̀wò 22q11.2, ìyẹn ègé krómósómù kejìlélógún (ọ̀kan nínú àwọn okùn tó gbé àbùdá wa) tó já sọnù. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin tó ní irú rẹ̀ ni skisofréníà máa ń mú.

Fún ọ̀pọ̀ jù lọ aláìsàn, kò sí àbùdá (jíìnì) kan ṣoṣo tí a lè nàka sí. Ìwádìí ńlá tó jáde ní 2022 rí ibi 287 nínú DNA, ìyẹn èròjà tí àbùdá wà nínú rẹ̀, tó ní ìsopọ̀ mọ́ skisofréníà, ipa ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kéré jọjọ. Àwọn tí ìran wọn ti Yúróòpù wá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà má náwó sórí àyẹ̀wò itọ́ tó ṣèlérí máàkì ewu fún ọ, ìyẹn iye tó ń sọ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí àìsàn náà mú ọ: fún ọmọ Yorùbá, máàkì bẹ́ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbára lé.