Bí mo ṣe yẹ sọ́fè ilẹ̀ wò kí n tó sanwó n'Ìgbógbo, Ìkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ilẹ̀ tí mo rà n'Ìgbógbo, ìwé ẹ̀ ti wọlé fún kọ́ńsẹ́ǹtì Gómìnà báyìí, ìyẹn àṣẹ tí Gómìnà ń fọwọ́ sí lórí ilẹ̀ téèyàn rà, àwọn tó ń bi mí bí a ṣe ṣe é wá pọ̀, ni mo bá ní kí n kọ ti sọ́fè yìí, ìyẹn ìwé tó ya ìwọ̀n ilẹ̀ àti ibi tó wà gan-an, sílẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an lowó ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà ń lọ.

Pulọ́ọ̀tì kan ni, Alàájì kan ló ń tà á, òun náà ti rà á lọ́wọ́ ìdílé tó nilẹ̀ tipẹ́. Gbogbo ìwé ló wà lọ́wọ́ Alàájì: rìsíìtì ìdílé, ìwé àdéhùn, sọ́fè tó ní òǹtẹ̀ sọ́féyọ̀ àti nọ́ńbà pílà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn òpó kékeré tí wọ́n rì sígun ilẹ̀. Ẹni tó bá rí i á ní kí n sanwó kíá. Lọ́yà mi ló ní rárá o, pé òǹtẹ̀ yẹn ń sọ ẹni tó wọn ilẹ̀ ni, kò sọ pé ìjọba ò tíì gba ilẹ̀ ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé wa. Láti 1978 tí òfin Land Use Act ti dé, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ìjọba sì ti nawọ́ lé ilẹ̀ tó pọ̀ káàkiri Èkó, òun ni wọ́n ń pè ní acquisition. Oríṣi méjì ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní global, ìjọba kàn mú un lápapọ̀ ni, kò tíì yan iṣẹ́ kan pàtó fún un, ìyẹn ṣì ṣeé bá wọn sọ, wọ́n lè yọ apá kan padà fún ìlú kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba, ìyẹn ni excision. Èyí tí wọ́n ń pè ní committed, ìjọba ti yà á sọ́tọ̀ fún ẹ́sítéètì tàbí títì ńlá tàbí ilé ìwé, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ojú lásán ò lè fi ìyàtọ̀ hàn yín, koríko kan náà ló ń hù lórí méjèèjì. Nọ́ńbà coordinate tó wà lára sọ́fè, tó ń tọ́ka ibi tí igun ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà, ló máa sọ ọ́, tí wọ́n bá gbé e sórí máàpù ìjọba ní ọ́fíìsì Surveyor-General l'Aláúsá. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ṣáàtì.

Sọ́féyọ̀ tí mo gbà ní ìwé àṣẹ SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn sọ́féyọ̀ Nàìjíríà láṣẹ iṣẹ́, mo béèrè ẹ̀ kí n tó fún un níṣẹ́. Òun ló ní, "Àǹtí, ẹ má jẹ́ ká tíì gbé nọ́ńbà orí ìwé lọ, ẹ jẹ́ ká lọ gbé ti orí ilẹ̀ wá ká wò ó bóyá wọ́n bára mu." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbà mí.

A débẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbìn síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rí pílà. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ fi àdá ro ìdí ẹ̀, ó da omi píọ̀ wọ́tà sí i lórí, ó ń fi èékánná họ amọ̀ tó wà nínú nọ́ńbà ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èmi mú sọ́fè dání mò ń wò ó. Nọ́ńbà tó parí sí 47 ló yẹ kó wà nígun yẹn. 52 la rí.

Mo yọ fóònù mi, mo ní kí n wo coordinate ibẹ̀, ti fóònù ò bá èyíkéyìí tó wà lórí ìwé mu. Sọ́féyọ̀ ní kí n fi fóònù sílẹ̀, pé orí Minna datum, ìpìlẹ̀ tí wọ́n ti ń ka coordinate, ni sọ́fè Nàìjíríà máa ń dúró lé, WGS84, ìpìlẹ̀ míì, ni fóònù ń lò, àárín méjèèjì lápá ọ̀dọ̀ wa lè tó nǹkan bí 100 mítà. Pulọ́ọ̀tì 648 square mítà yìí, mítà 18 ní fífẹ̀, 36 ní gígùn, ẹ wá wo iye ilẹ̀ onílẹ̀ tí 100 mítà máa fò kọjá. Àwọn tó ń fi fóònù ṣáàtì ilẹ̀ fúnra wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Irinṣẹ́ tiẹ̀ ló gbé ka orí pílà kọ̀ọ̀kan, easting (nọ́ńbà ìhà ìlà-oòrùn) bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 55, northing (nọ́ńbà ìhà àríwá) bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 72, bó ṣe máa ń rí n'Ìgbógbo nìyẹn. Ìgbà tó fi wé ti ìwé, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn tiwa, tí ẹlòmíì ti mọ ògiri yí ká, ni sọ́fè Alàájì wà lórí ẹ̀.

Àánú Alàájì ṣe mí, òun gan-an ò mọ̀. A jọ lọ bá baba tó jẹ́ olórí ìdílé, baba ní nígbà tí wọ́n la títì inú yẹn ni wọ́n sún àwọn èèyàn síwájú, kò sẹ́ni tó rántí ti ìwé. Wọn ò bá wa jiyàn sha, wọ́n kọ ìwé àtúnṣe fún Alàájì, wọ́n fọwọ́ sí i níwájú lọ́yà.

Ó wá kan Aláúsá. A wọ BRT n'Ìkòròdú, a sọ̀ l'Ọ̀jọ́ta, a mú ọkọ̀ míì. Coordinate tá a gbé lórí ilẹ̀ fúnra ẹ̀ la fi ṣáàtì, ó bọ́ sí i pé kò sí lábẹ́ acquisition kankan, ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà yẹn ni sọ́féyọ̀ tó ṣe sọ́fè tuntun, ó sì kó red copy ẹ̀, ẹ̀dà tí ìjọba ń tọ́jú, fún ọ́fíìsì Surveyor-General, torí sọ́fè tí red copy ẹ̀ ò bá sí lọ́dọ̀ ìjọba, ìwé lásán lẹ mú dání. Lẹ́yìn náà la gba Land Information Certificate, ìwé ìjọba tó ń sọ ipò tí ilẹ̀ wà, LIC tí wọ́n ń pè é, lọ́yà ti fi í mọ́ ìwé kọ́ńsẹ́ǹtì.

Alàájì ló sanwó sọ́fè tuntun, èmi náà ò sanwó ilẹ̀ àfìgbà tí LIC jáde. Ẹni tó mọ ògiri lẹ́yìn wa, a lọ bá òun náà, a fi sọ́fè àtijọ́ hàn án, torí orí ilẹ̀ tiẹ̀ lorúkọ Alàájì ṣì wà nínú ìwé ìjọba. Ó ní òun á pe sọ́féyọ̀ tòun, mo fún un ní fótókópì kan.