Ìgbéyàwó òótọ́, fáìlì tó dà bí irọ́: àṣìṣe tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ sá fún tẹ́ ẹ bá ń kó ẹ̀rí jọ fún físà Amẹ́ríkà

Àwọn tí ìgbéyàwó wọn jẹ́ ayédèrú, mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ níbí o, wọ́n mọ ara wọn. Àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni tọkọtaya tó fẹ́ra wọn lóòótọ́, ìyàwó wà ní Houston, ọkọ wà n'Íbàdàn, ẹbí méjèèjì mọra, wọ́n ti ṣe ìdána, gbogbo àdúgbò ló jẹ ìrẹsì ọjọ́ yẹn, síbẹ̀ tí ọ́fíísà bá ṣí fáìlì wọn, á dà bíi pé àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Ẹ̀rí gidi wà nílé, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n wá lọ ń ṣe ẹ̀rí tuntun. Ìyẹn gan-an ló ń ba ti ọ̀pọ̀ jẹ́.

Nínú òfin wọn, ọrùn ẹni tó ń tọrọ ni ẹ̀rí wà. Kì í ṣe àwọn ló máa wá fi hàn pé irọ́ lẹ̀ ń pa, ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé òótọ́ ni. Fọ́ọ̀mù I-130, ìyẹn èyí tí ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà fi ń tọrọ fún ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀ (owó ẹ̀ ti di $675 lórí ìwé, $625 lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti oṣù kẹrin 2024) ní ìwé àlàyé tó bá a rìn, ẹ ò sì ní gbàgbọ́ iye èèyàn tí kì í kà á. Ó wà níbẹ̀ irú nǹkan tí wọ́n ń wá: ilé tàbí ilẹ̀ tó ní orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, ìwé ilé tẹ́ ẹ jọ rẹ́ǹtì, owó tẹ́ ẹ jọ ń ná, ìwé ìbí ọmọ tẹ́ ẹ jọ bí, ìwé ìbúra àwọn tó mọ̀ yín. Sáàtífíkéètì ìgbéyàwó nìkan ò tó, torí ó kàn ń sọ pé ẹ lọ sí kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ kan ni, kò sọ pé ẹ jọ ń gbé ayé.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí báwo lẹni tó wà n'Íbàdàn àtẹni tó wà ní Houston ṣe fẹ́ jọ rẹ́ǹtì ilé? Làwọn kan bá sáré lọ ṣí jọ́ìǹtì àkáǹtì nígbà tí íńtáfíù ti kù díẹ̀, wọ́n ju owó táṣẹ́rẹ́ sí i, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án mọ́. Déètì tí wọ́n ṣí i wà lórí ìwé báǹkì yẹn ketekete, ọ́fíísà ò sì fọ́jú. Ohun tẹ́ ẹ ò bá ní, ẹ má ṣẹ̀dá ẹ̀. Tọkọtaya tí òkun wà láàárín wọn ní ẹ̀rí tiwọn: òǹtẹ̀ inú pásípọ́ọ̀tù nígbà tí ìyàwó wá sílé, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, rìsíìtì hòtẹ́ẹ̀lì, owó tó ń wọlé lóṣooṣù, orúkọ ọkọ lórí ìwé ìnṣọ́ránsì tàbí lórí 401(k), ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì, níbi iṣẹ́ ìyàwó. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹni tòkè òkun wá, tí iṣẹ́ ò jẹ́ kó tún wá mọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jẹ́, kẹ́ ẹ fi lẹ́tà ibi iṣẹ́ tì í. Ẹ má dákẹ́ lé e lórí kí wọ́n fi ọgbọ́n ara wọn parí ẹ̀.

Ti fótò wá ńkọ́? Wọ́n á kó fótò rẹpẹtẹ lọ, gbogbo ẹ̀ aṣọ òkè kan náà, gèlè kan náà, gbọ̀ngàn kan náà. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn jẹ́ lójú ẹni tó ń wò ó. Fótò tí wọ́n ń wá ni èyí tí ẹnikẹ́ni ò múra fún, ìyàwó jókòó pẹ̀lú ìyá ọkọ nínú kíṣìnnì tó ń ṣa ẹ̀fọ́, ẹ̀yin méjèèjì nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Lagos tójú ti rẹ̀ yín, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ẹ̀gbọ́n, ti ọdún yìí, ti ọdún tó kọjá. Ẹ kọ déètì, ibi tẹ́ ẹ wà, àti orúkọ àwọn tó wà nínú ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí fótógíráfà bá yín pààrọ̀ báàkìgíráńdì, ẹ jọ̀ọ́, bó ti wù kí ilé burẹ́wà tó. Nǹkan kan tún wà: àwọn ọ́fíísà tó ń ṣiṣẹ́ ní Lagos ti rí ìgbéyàwó Yorùbá lórí fótò tó pọ̀, wọ́n mọ̀ pé alága ìjókòó máa wà níbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ẹbí máa wọ aṣọ ẹbí. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin mẹ́rin péré lẹ wà nínú fótò, tí bàbá tàbí ìyá ẹnì kankan ò sí níbẹ̀, wọ́n máa béèrè ìdí. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti kú, ó lè jẹ́ pé bàbá ìyàwó ò fọwọ́ sí i, kò burú, ẹ ṣáà sọ ọ́.

Ti WhatsApp ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹnì kan á tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ dé òní, ó nípọn ju Bíbélì lọ, ta ló fẹ́ kà á? Ẹ mú ojú ewé díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kan sí òmíì, kí wọ́n lè rí i pé ọ̀rọ̀ yín ò dáwọ́ dúró. Ẹ má sì yọ ìjà kúrò o, tọkọtaya tí kò bínú síra wọn rí láti ọdún mẹ́ta, tó jẹ́ "ìfẹ́ mi, adé orí mi" láàárọ̀ lálẹ́, àwọn gan-an ni wọ́n ń fura sí. "Ṣé o ti san owó iná? Wọ́n ti já a o" dáa ju gbogbo ewì ìfẹ́ lọ. Àmọ́ ibi táwa Yorùbá ti ń fara gbọgbẹ́ ni pé fóìsì nóòtì la fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá wá kó ọ̀rọ̀ náà jáde láìkó ohùn mọ́ ọn, òfo lẹ máa rí níbi tóhùn wà, ojú ewé lé ojú ewé. Torí náà, ẹ fi skirínṣọ́ọ̀tì tó gbé àkókò ìpè jáde tì í, ti ọ̀sán, ti òru, ti Sunday.

Èyí tẹ́ ẹ bá sì kọ ní Yorùbá, USCIS, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìmígíréṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, ò ní gbà á bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìwé tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ tó péye, kì í ṣe àkékúrú, kí ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ sì fọwọ́ sí i pé òun gbọ́ èdè méjèèjì àti pé ohun tóun kọ péye. Kò pọn dandan kó jẹ́ lọ́yà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọkọ tàbí ìyàwó fúnra wọn.

Owó. Ìyàwó ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù láti ọdún tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n àkáǹtì àbúrò ọkọ ló ń san án sí, torí àpù báǹkì ọkọ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa, tàbí kó jẹ́ ẹni tó ń ṣe POS ládùúgbò ló ń gbà á. Gbogbo rìsíìtì yẹn wà lóòótọ́, orúkọ ọkọ ò sí lórí ọ̀kankan! Láti òní lọ, ẹ jẹ́ kó máa wọ àkáǹtì ọkọ fúnra ẹ̀, ní ti èyí tó ti kọjá, kí àbúrò kọ lẹ́tà pé òun ló ń bá ẹ̀gbọ́n òun gbà á.

Ìwé ìbúra tún wà níbẹ̀. Wọ́n á lọ sí bìsínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀tù, ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà á yọ èyí tó ṣe fún ẹlòmíì lánàá, á pààrọ̀ orúkọ, èèyàn márùn-ún á búra pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, àṣìṣe sípẹ́lì kan náà. Kí lẹ fẹ́ kí ọ́fíísà rò? Wọ́n ń fẹ́ orúkọ ẹni náà ní kíkún, àdírẹ́sì ẹ̀, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n bí i sí, bó ṣe jẹ́ sí yín, àti bó ṣe mọ ohun tó ń sọ. Pásítọ̀ tó jẹ́ pé orí pẹpẹ ló ti rí yín lẹ́ẹ̀kan kò mọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí màmá sọ ọ́ bó ṣe wà lẹ́nu ẹ̀, ní Yorùbá, ọjọ́ tí ìyàwó kọ́kọ́ wọlé tó kúnlẹ̀, ohun tó jẹ, ẹ̀bùn tó mú wá, kẹ́nì kan wá túmọ̀ ẹ̀.

Ó kù àwọn ìwé tó ń ta ko ara wọn, àwọn wọ̀nyí le ju fótò lọ. Àkọ́kọ́ ni déètì. Ẹ ṣe ìdána lóṣù kẹrin, ẹ ṣe ti kọ́ọ̀tù lóṣù kẹjọ, ọkọ kọ tàkọ́kọ́ sínú fọ́ọ̀mù tiẹ̀, ìyàwó kọ ìkejì. Déètì tó wà lórí sáàtífíkéètì tẹ́ ẹ fi fáìlì ni kẹ́ ẹ lò níbi gbogbo, kẹ́ ẹ sì ṣàlàyé ìdána. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba ọ̀nà K-1, ìyẹn físà àfẹ́sọ́nà, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: ẹ má ṣe ìdána olówó-orí kẹ́ ẹ wá kó fótò ẹ̀ lọ fún wọn bí ẹ̀rí ìfẹ́, torí ìgbéyàwó ìbílẹ̀ jẹ́ ìgbéyàwó lójú òfin Nàìjíríà, wọ́n lè sọ pé ẹ ti di tọkọtaya, pé K-1 kì í ṣe tiyín mọ́.

Ìkejì ni ìgbéyàwó àtijọ́. Ẹni tó ti ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù rí, kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ irú èyí tó wà ní Mápó n'Íbàdàn kò lágbára láti tú u ká, Háì Kọ́ọ̀tù ló ni í. Tí adájọ́ bá sì ti fún yín ní decree nisi, ìyẹn ìdájọ́ ìkọ̀sílẹ̀ àkọ́kọ́, kò tíì parí, oṣù mẹ́ta lẹ máa dúró kó tó di absolute, ìyẹn èyí tó parí pátápátá, ẹni tó bá gbé ìyàwó míì láàárín oṣù mẹ́ta yẹn kò tíì gbéyàwó kankan lójú òfin, àfi kó tún un ṣe. Mo ti rí èyí tó ju ẹyọ kan lọ, tójú wọn ti ń wo Houston, tí wọ́n tún padà lọ dúró níwájú rẹ́jísírà.

Ìkẹta, fọ́ọ̀mù físà tẹ́ ẹ kọ nígbà kan. Ẹ̀yin kan wà níbẹ̀, ẹ mọ ara yín. Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń wá físà ìbẹ̀wò, ẹ kọ pé ẹ ti níyàwó àtọmọ méjì kí wọ́n lè rò pé ẹ máa padà sílé, ẹ wá padà wá báyìí pé ẹ ò fẹ́yàwó rí. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wọn o! Bírọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Kẹ́ ẹ tó dé iwájú ọ́fíísà, ẹ wá lọ́yà ìmígíréṣọ̀n gidi, kì í ṣe ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù.

Àtẹni tó wà lọ́hùn-ún náà, tó ti gbéyàwó tán tó ṣì ń fáìlì owó orí bí àpọ́n. I-864 tẹ́ ẹ fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ máa gbé ìwé owó orí yẹn wá sínú fáìlì kan náà, ọ́fíísà á máa wo "single" lápá kan, á máa wo fótò ìgbéyàwó lápá kejì. Fọ́ọ̀mù 1040-X wà fún àtúnṣe, ẹ ṣe é kí íńtáfíù tó dé.

Àjẹ́ǹtì tó bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun "fi iyọ̀ sí i", pé òun á bá yín ṣe ìwé rẹ́ǹtì kan, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀. Ìwé ayédèrú kan ṣoṣo lè sọ ìgbéyàwó gidi di ohun tí wọ́n ń fura sí, tí wọ́n bá sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ fi ìgbéyàwó ṣe màgòmágó, apá 204(c) nínú òfin ìmígíréṣọ̀n wọn ò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kankan tí ẹnikẹ́ni bá fáìlì fún yín mọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ yín, ìbáà jẹ́ ibi iṣẹ́. Ẹ̀wọ̀n wà nínú ẹ̀ náà, ó lè tó ọdún márùn-ún, owó ìtanràn lè tó $250,000.

Tẹ́ ẹ bá wá wọlé nígbà tí ìgbéyàwó yín ò tíì pé ọdún méjì, gíríìn káàdì ọlọ́dún méjì ni wọ́n máa fún yín, ẹ ṣì máa fáìlì I-751, ìyẹn fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fi ń tọrọ kí káàdì náà má parí sí ọdún méjì, láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó ṣáájú kó tó parí, wọ́n á sì tún béèrè ẹ̀rí. Torí náà, ìwé iná, ìwé omi, ìwé ilé tó ní orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, láti oṣù tẹ́ ẹ bá ti jọ wọ ilé yẹn, ẹ wá àpótí kan, kẹ́ ẹ máa jù wọ́n sí i.