Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ n'Íbàdàn tẹ́ ẹ sì wà l'Ókè Òkun: bí ìrànlọ́wọ́ yín ṣe lè dé ọwọ́ ẹni tó yẹ

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní London, Houston, Toronto àti ibi gbogbo, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí ohun abúgbàmù bú gbàmù ní Bódìjà n'Íbàdàn lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2024, kílẹ̀ tó mọ́ ni WhatsApp wa ti kún fọ́fọ́, gbogbo yín lẹ ń bèèrè pé kí lẹ lè ṣe, ibo lẹ máa fowó sí. Ìfẹ́ yẹn ò kéré rárá. Àmọ́ èmi wà lára àwọn tó ń bá yín pín nǹkan nílé, ohun tí mo sì fẹ́ bẹ̀ yín ni pé ká ti ṣètò ẹ̀ sílẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, torí lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ gan-an, kò sẹ́ni tó máa ráyè.

Ẹ kọ́kọ́ mú àwọn tẹ́ ẹ máa bá ṣe nílé. Kò dìgbà tó bá jẹ́ ẹni ńlá o, ẹni tó mọ ilé onílé ni ká wá: mọ́gàjí agboolé yín, alága lándíọ́ọ̀dù, ìyálọ́jà, lèmọ́ọ̀mù tàbí pásítọ̀ àdúgbò. Ẹ mú tó mẹ́ta, kí wọ́n má sì gbé lójú kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí àgbàrá ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, tó ku díẹ̀ ká ṣọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, ẹ mọ̀ pé omi gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ, ó wá di wàhálà fáwọn ará ibẹ̀ láti wọ ìgboro. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo lẹ ní, tó sì wà lódìkejì omi, kí lẹ fẹ́ ṣe?

Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ìròyìn, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó pín fídíò kankan. Gbogbo ìgbà òjò ni fídíò omíyalé àtijọ́ máa ń jáde bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fọ́tò òkú síta, ìyá ẹ̀ lè má tíì gbọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló gùn jù. Ẹ má lo àkáǹtì ẹnì kan, bó ti wù kó jẹ́ olóòótọ́ tó, ẹ lo ti ẹgbẹ́, kó jẹ́ pé èèyàn méjì ló máa fọwọ́ sí i kówó tó jáde, kí wọ́n sì máa fi sítétímẹ́ǹtì ránṣẹ́ sí gúrúùpù. GoFundMe ò kì í sanwó sí àkáǹtì Nàìjíríà, torí náà ẹ ti pinnu ẹni tó máa gbà á lọ́dọ̀ yín kẹ́ ẹ tó ṣí i. Ní England, tówó tó ń wọlé fún ẹgbẹ́ aláàánú yín lọ́dún bá ti ju £5,000 lọ, ó yẹ kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission, ó sì lérè, torí ẹgbẹ́ tó bá ní Gift Aid, ìjọba máa ń fi 25p lé gbogbo pọ́n-ùn kan tí ẹni tó ń san owó orí bá dá.

Ẹ wá jẹ́ n sọ tinú mi: ẹ fowó ránṣẹ́, ẹ fi ẹrù sílẹ̀. Kọ̀nténà máa ń lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lójú omi, á tún dúró sí Apápá, aṣọ òkìríkà gan-an sì wà lára ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù fòfin dè. Ìrẹsì, gàrí, ẹ̀wà, epo, gbogbo ẹ̀ ló wà lọ́jà Bódìjà, a lè rà á láàárọ̀ kó dé iwájú ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ kó tó di ọ̀sán, owó yẹn á sì tún bọ́ sápò àwọn ìyá tó ń fi kọ́ńgò wọ̀n ọ́n. Oògùn náà, ẹ má kàn kó o sínú báàgì, NAFDAC gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, WHO sì sọ pé oògùn ọrẹ gbọ́dọ̀ ṣì ní ó kéré tán ọdún kan kó tó ẹ̀sípáyà nígbà tó bá dé. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ má wulẹ̀ fò wálé láìgbàwé àṣẹ. Ẹ pe àwọn tẹ́ ẹ jọ kàwé ní UCH, wọ́n á sọ ohun tó ń jẹ wọ́n níyà fún yín, bóyá báńdéèjì, bóyá ẹ̀jẹ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹ bẹ àwọn àbúrò yín tó wà nílé kí wọ́n lọ fi ṣètọrẹ.

Pípín rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pe èrò jọ nítorí owó yín láé. Ẹ ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Baṣọ̀run lọ́jọ́ 18 oṣù kejìlá 2024, ọmọ márùndínlógójì ló kú sínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ọmọ tó kàn fẹ́ lọ ṣọdún. Ojúlé sí ojúlé ni ká máa gbé e lọ. Ìwé ẹkisasáìsì lásán ti tó: orúkọ olórí ilé, iye ọmọ, ohun tó bàjẹ́, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó ní àkáǹtì, ẹ jẹ́ ká fi ránṣẹ́ sí i. Màmá àgbà tí ò ní, ká kà á lé e lọ́wọ́ lójú èèyàn méjì kó tẹ̀ka. Ẹ má sì ní kí wọ́n dúró ti báánà yín ya fọ́tò kí wọ́n tó gba ìrẹsì, ojú ń ti èèyàn. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ka sí ni kẹ́ ẹ bèèrè fún.

Lẹ́yìn oṣù kan, gbogbo èèyàn á ti dákẹ́, ìgbà yẹn gan-an lara máa ń ni wọ́n. Ẹni tílé ẹ̀ wó máa wá yàrá, lándíọ́ọ̀dù á ní kó san ọdún kan pa pọ̀, ọdún méjì nígbà míì, éjẹ́ǹtì á gba tiẹ̀, àgírímẹ́ǹtì lọ́tọ̀, ọmọ ò tíì padà síléèwé. Torí ẹ̀, nínú owó tẹ́ ẹ bá dá, ẹ mú ìdajì sílẹ̀, ẹ má jẹ́ ká ná an lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, bí a tilẹ̀ ń bẹ̀ yín.

Kí òjò ọdún yìí tó le, ẹ pe àwọn mẹ́ta yẹn, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà wọn ṣì ń lọ, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá gọ́tà àdúgbò ti dí. Owó tí wọ́n fi ń kó gọ́tà ò tó nǹkan lójú pọ́n-ùn tàbí dọ́là, ẹ fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí.