Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ dá ọ̀tá àtijọ́ padà sínú apá kejì

Inú ń bí mi, n kò sì ní fi pamọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ìwé eré kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà jáde, fíìmù sáyẹ́ǹsì tó ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú ni mo sì fẹ́ràn jù. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ohun kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ apá kejì ń bá mi sọ: "Ẹ̀gbọ́n, a ti rí ọ̀tá tí a máa lò. Ti ìjelòó náà ni, gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n." Wọ́n á ti sanwó aṣọ, wọ́n á ti sanwó fún ẹni tó máa fi kọ̀ǹpútà ṣe iná àti ìbúgbàù. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n pé kí ló tún wà láàárín ọ̀tá yìí àti akọni lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n á máa wojú ara wọn.

Star Trek Into Darkness ti ọdún 2013, tí wọ́n ti dá ọ̀tá àtijọ́ tó ń jẹ́ Khan padà, ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn tó ṣe é lówó lọ́wọ́, wọ́n ní òṣèré gidi, síbẹ̀ ó dùn mí dọ́kàn bí wọ́n ṣe ṣe é.

1. Ẹ má fi orúkọ rọ́pò ìtàn.

Ọdún 1967 ni Khan kọ́kọ́ yọjú lórí tẹlifíṣọ̀n. Kirk, ọ̀gá ọkọ̀ òfuurufú Enterprise, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bá a nínú ọkọ̀ àtijọ́ kan, ẹ̀rọ ló mú òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sùn láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ènìyàn tí wọ́n fi sáyẹ́ǹsì ṣe kí ó lè lágbára, kí ó sì gbọ́n ju ènìyàn lọ ni. Ó fẹ́ gba ọkọ̀ Enterprise mọ́ Kirk lọ́wọ́, kò rí i gbà. Kirk kò pa á, kò tì í mọ́lé. Ó fún un ní ayé kan, Ceti Alpha V, pé kí ó lọ tẹ̀ ẹ́ dó.

Nínú fíìmù ọdún 1982, Star Trek II: The Wrath of Khan, ìgbà náà la tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ayé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn bú gbàmù, ilẹ̀ Khan di aṣálẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kú, àwọn ènìyàn rẹ̀ kú, Kirk kò sì yà wò wọ́n rí. Nítorí náà, nígbà tí Khan wá gbẹ̀san, ó ní ẹjọ́ lẹ́nu. Ricardo Montalbán kan náà ló ṣe é nígbà méjèèjì, ewú tí ọdún hù sí i lórí wà níbẹ̀ kedere. Òun àti Kirk kò fojú kanra nínú fíìmù náà rárá, orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ara òǹwòran kì í balẹ̀, torí gbèsè wà láàárín wọn.

Ẹ wá wo ti 2013. Àwọn fíìmù tuntun yìí bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà lákọ̀tun, nítorí náà Kirk tí Chris Pine ṣe kò gbọ́ orúkọ Khan rí láyé rẹ̀. Nígbà tí Benedict Cumberbatch, òṣèré tó ṣe Khan, wà nínú àhámọ́ onígíláàsì, tó rọra ń dárúkọ ara rẹ̀, àwa tó jókòó síwájú ìbòjú ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kan nínú yàrá yẹn tí orúkọ náà lè bà lẹ́rù. Wọ́n ní láti jẹ́ kí ọ̀dọ́ Spock, igbákejì Kirk, pe àgbà Spock tó wá láti ọjọ́ iwájú, Leonard Nimoy tó ṣe Spock àtijọ́ fúnra rẹ̀, kí ó wá sọ fún wọn pé ọkùnrin yìí léwu. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti kúrò nínú fíìmù náà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀tá tuntun wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. John Harrison ni wọ́n kọ́kọ́ pe ọkùnrin yẹn. Ọ̀gá rẹ̀, Marcus, ń lò ó láti ṣe ohun ìjà, ó sì di àwọn ènìyàn rẹ̀ mú kí ó má bàa sá. Ìbínú rẹ̀ ní orísun, Cumberbatch sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé n kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi í sílẹ̀ ní John Harrison, ìtàn yẹn ìbá dúró. Wọ́n fẹ́ orúkọ ńlá, wọ́n sì fi bo ènìyàn gidi tí wọ́n ti dá mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, àwọn olólùfẹ́ Star Trek tó péjọ ní Las Vegas dìbò lórí àwọn fíìmù náà, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi í sí. Kò yà mí lẹ́nu.

2. Ẹ má sọ orúkọ ọ̀tá di àṣírí. Kí fíìmù náà tó jáde, wọ́n ń tẹnu mọ́ ọn pé Khan kọ́. Ẹni tó mọ Khan ti fura, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò rí nǹkan kan jẹ nínú rẹ̀. J.J. Abrams tó darí rẹ̀ padà sọ pé ì bá dára jù kí àwọn ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

3. Ẹ má da ojú ìran ńlá kọ. Ní 1982, Spock wọ yàrá ìtànṣán olóró kí ọkọ̀ lè là, ó sì kú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ lára gíláàsì, Kirk wà ní òdìkejì. Láti 1966 ni a ti mọ àwọn méjèèjì. Ní 2013, wọ́n kàn pààrọ̀ wọn: Kirk ló wọlé, Spock ló wà níta. Fíìmù kan ṣoṣo ni ọ̀rẹ́ àwọn yìí tíì gbé. Kí fíìmù tó parí, wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ Khan jí Kirk. Spock ti àtijọ́ kò padà títí di fíìmù ọdún 1984, ọmọ Kirk sì kú nínú ìrìn àjò yẹn, Enterprise pàápàá ṣègbé.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń jí òkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́. Apá kẹta ń bọ̀ wá bi yín pé kí ló dé tí ènìyàn ṣì ń kú.

Ẹ má jẹ́ kí ìpolówó tú àṣírí fíìmù yín. Terminator Genisys ti 2015 ṣe bẹ́ẹ̀: kí a tó ra tíkẹ́ẹ̀tì la ti rí i pé John Connor, akọni tó ń bá àwọn ẹ̀rọ jà, ti di ẹ̀rọ.

Ti Palpatine, ọ̀tá ńlá inú àwọn fíìmù Star Wars, ńkọ́? Darth Vader ti gbé e jù sínú ọ̀gbun ní 1983. Ní 2019 ó tún jókòó síbẹ̀, àlàyé tí Poe, ọ̀kan nínú àwọn akọni, sì rí ṣe kò ju pé ó padà wá ṣá. Inú géèmù Fortnite ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé ohùn tó fi halẹ̀ mọ́ gbogbo ayé jáde. Ẹni tó sanwó wọ sinimá kò gbọ́ ọ níbẹ̀. Ìwà àìbìkítà sí òǹwòran nìyẹn.

Ó ṣeé ṣe dáadáa, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ní 1991, James Cameron dá ojú Arnold Schwarzenegger padà nínú Terminator 2. Ẹ̀rọ apànìyàn irú ti àkọ́kọ́ gan-an ni, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ọmọ ni wọ́n rán an wá dáàbò bò. Nígbà tí Sarah Connor, ìyá ọmọ náà tí irú ẹ̀rọ yìí fẹ́ pa ní apá kìíní, rí i tó jáde nínú ẹ̀rọ agbéniròkè ní ilé ìwòsàn, ó ṣubú, ó ń fà sẹ́yìn nílẹ̀. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún wa pé kí ló ń bà á lẹ́rù. Cameron tún fi ọ̀tá tuntun, ẹ̀rọ apànìyàn mìíràn tó ń jẹ́ T-1000, kún un.

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, olówó kan tó ń ṣe fíìmù wà tí ọ̀tá inú fíìmù rẹ̀ kú sínú odò ní apá kìíní, tó tún jáde ní apá kejì pẹ̀lú ìhámọ́ra irin. Ìhámọ́ra yẹn jẹ owó ju gbogbo òṣèré lọ. N kò rí ìlà kan nínú ìwé eré náà tó sọ bó ṣe jáde nínú odò. Mo sọ fún wọn, wọ́n ní àwọn òǹwòran kò ní bìkítà.

Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò mi, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ojú ìwé kan péré fún mi: kí ni ojú ọ̀tá yìí rí láàárín apá kìíní àti èkejì, kí ló sì fẹ́ lọ́wọ́ akọni tí kò lè gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ pátápátá kí ẹ tó gbé e wá. Bí ó bá ṣì bà mí lẹ́rù láìlórúkọ, a lè wá máa sọ̀rọ̀ aṣọ.