Inú kọ́, kẹ̀kẹ́ ni: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi bá jẹ́ẹ̀lì jà lásán

Oṣù mẹ́sàn-án la fi múra sílẹ̀ fún triathlon ọlọ́nà jíjìn, eré ìje tí èèyàn ti ń lúwẹ̀ẹ́, tó ń gun kẹ̀kẹ́, tó sì ń sáré tẹ̀ léra. Kìlómítà 3.8 nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́, 42.2 lórí ẹsẹ̀. Ẹni tí mo ń kọ́ jáde nínú omi láìsí wàhálà, ó sì gun kẹ̀kẹ́ débi tí wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 11 ṣáájú àkókò tí mo kọ fún un. Mo ń pàtẹ́wọ́. Ó ku kìlómítà 30 nínú eré ẹsẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ dà rú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì lẹ́bàá ọ̀nà. Ìrìn ló fi parí rẹ̀. Eré ẹsẹ̀ nìkan gba wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú méjì. Ìṣẹ́jú 11 tí mo ń pàtẹ́wọ́ sí yẹn gan-an ni àmì àkọ́kọ́, mi ò sì rí i.

Jẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ṣúgà kíki tí eléré ń fà mu lójú eré, ni gbogbo wa nawọ́ sí. Ẹni tó bá ń bì, ohun tó jẹ ló ṣe é, àbí? Ohun tó mú mi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣòfò nìyẹn.

Mi ò ní tú ètò ìdárayá ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan palẹ̀ níbí. Ẹni tó ń kọ́ni fún triathlon ọlọ́nà jíjìn ti mọ̀ ọ́n: lúwẹ̀ẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, kẹ̀kẹ́ wákàtí márùn-ún lópin ọ̀sẹ̀, eré gígùn tí kò ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ, kí iṣẹ́ sì dín kù ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ eré. Ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, irú ṣúgà ni mo yí padà. Gíráàmù 80 ló ń jẹ ní wákàtí kan, glucose nìkan sì ni. Ojú ọ̀nà tí glucose ń gbà kọjá lára ìfun máa ń kún tó bá ti tó nǹkan bíi gíráàmù 60 ní wákàtí kan. Èyí tó bá ṣẹ́ kù á jókòó síbẹ̀, á máa fa omi mọ́ra, ikùn á sì wú. Fructose, irú ṣúgà mìíràn, ní ọ̀nà tirẹ̀. Mo pín in sí gíráàmù 50 glucose àti 30 fructose. Gígùfẹ̀ dín kù, àmọ́ lẹ́yìn wákàtí kẹrin, inú ṣì ń tì pa.

Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, mo yíjú sí ike omi. Gbogbo gíráàmù 80 yẹn ló ń pò mọ́ mìlílítà 500, á sì gbé e mu lẹ́ẹ̀kan náà. Gíráàmù 16 nínú mìlílítà 100 nìyẹn, ó nípọn jù. A pín in sí ike méjì, gíráàmù 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìfà kékeré kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Kí n tó fọwọ́ sí lítà kan ní wákàtí kan, mo wọn òógùn rẹ̀: kìlógíráàmù 68.4 kó tó gun kẹ̀kẹ́, 66.6 lẹ́yìn wákàtí méjì, ó sì ti mu mìlílítà 800. Lítà 2.6 ló bá òógùn lọ, ìyẹn 1.3 ní wákàtí kan. Ẹ má ṣe fo ìwọ̀n yìí o. Ẹni tó bá ń mu ju ohun tó ń bá òógùn lọ ń fi omi la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni, ìyẹn léwu ju kí omi ara dín díẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà, iyọ̀. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ọjọ́ Sátidé wákàtí kẹrin bá tún dé, ó tún ti ike kúrò lẹ́nu: “Kóòṣì, kò lọ mọ́.” Inú ń bí mi sí jẹ́ẹ̀lì, sí ike, sí iyọ̀, ó ku díẹ̀ kó kan òun náà.

Ìwé àkọsílẹ̀ ló là mí lójú. Ní ojú ọ̀nà, tí ẹ̀rọ bá kọ wáàtì 168 (wáàtì ni ìwọ̀n agbára tí ẹsẹ̀ ń fi wa kẹ̀kẹ́), ọkàn rẹ̀ ń lù ní 148 ní ìṣẹ́jú kan. Lórí trainer inú ilé, ẹ̀rọ tí a ń gbé kẹ̀kẹ́ lé láti gùn ún lójú kan, wáàtì 168 kan náà, 137. Ó yẹ kí ó rí bákan náà, tàbí kí ti inú ilé tiẹ̀ ga jù, nítorí inú ilé ló máa ń gbóná tí atẹ́gùn kì í sí, tí ọkàn fi ń sáré jù. Ó túmọ̀ sí pé wáàtì kan nínú méjèèjì kì í ṣe wáàtì.

Ohun tó yẹ kí n ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyí, kò sì gbà ju wákàtí kan lọ. Mo gbé kẹ̀kẹ́ sórí trainer, mo so kọ̀ǹpútà kan mọ́ trainer, mo so èkejì mọ́ power meter, ẹ̀rọ tó ń ka wáàtì, tó wà lára kẹ̀kẹ́. Ó fi ìṣẹ́jú 15 gùn ún jẹ́jẹ́ kí irin méjèèjì lè gbóná, a dá wọn padà sí òdo, lẹ́yìn náà trainer di agbára mú ní ìpele mẹ́ta, ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Trainer ní 120, ara kẹ̀kẹ́ ní 110. 160, 147. 200, 184. Ìyàtọ̀ 8 nínú 100 látòkè délẹ̀.

Apá pẹ́dàlì òsì nìkan ni power meter yẹn wà. Ó ń ka ẹsẹ̀ òsì, ó sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Mo yá pẹ́dàlì tó ń ka ẹsẹ̀ méjèèjì fún ọjọ́ kan: òsì 46, ọ̀tún 54. Ẹ fi 46 lọ́nà méjì, 92 ni. Mẹ́jọ tó sọnù nìyẹn.

Orí trainer la ti ṣe ìdánwò FTP, ìyẹn agbára tó ga jù tí èèyàn lè dì mú fún nǹkan bíi wákàtí kan, 240 ló gbà. Mo ní kó máa gùn ní 70 nínú 100, ìyẹn 168. Àmọ́ 168 tí kẹ̀kẹ́ ń kọ, nǹkan bíi 183 ló jẹ́ ní tòótọ́, 76 nínú 100, fún wákàtí mẹ́fà. Lórí irú agbára bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ àti awọ ara ló ń kó ẹ̀jẹ̀, ìfun ò rí tó. Kò sí jẹ́ẹ̀lì tó lè gba ibẹ̀ kọjá.

A tún ìdánwò ṣe lórí ẹ̀rọ tó máa gbé lọ sójú eré. Ìṣẹ́jú 20, wáàtì 232, mo sọ ọ́ di ìlọ́po 0.95: 220. Àfojúsùn di 154, kò sì gbọdọ̀ kọjá 185 lórí òkè. Ojú rẹ̀ korò. “Kóòṣì, 154? Gbogbo ayé ló máa kọjá mi.” Mo ní kí wọ́n máa kọjá. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó mu gbogbo ike rẹ̀ tán, ó bọ́ sílẹ̀, ó sáré ìṣẹ́jú 40, inú rẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Ó dùn mọ́ mi, ó sì tún bí mi nínú, ẹ dákun, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà!

Oúnjẹ kò ṣàì ní ipa tirẹ̀ ṣá. Mo dá a padà sí gíráàmù 50 ní wákàtí kan, mo ń fi 10 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ó fi padà dé 80, nítorí ìfun náà ń kọ́ṣẹ́ bí iṣan ṣe ń kọ́ ọ. Èyí tí mo tún ṣe nínú ṣúgà àti ike wúlò, àsìkò tí mo ṣe é ni kò tọ́.

Lọ́jọ́ eré kejì, ó lo ìṣẹ́jú 11 lórí kẹ̀kẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn àkókò tí mo kọ fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 25 ló fi sáré.

Tí ẹ bá ń lo ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ kan, ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ dúró síta fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó dá a padà sí òdo, torí ooru àti òtútù ń yí i. Kí ẹ sì tún ẹsẹ̀ méjèèjì wọ̀n ní oṣù méjì-méjì. Tiwa ti di 48 sí 52 báyìí, mo tún ní láti ṣe ìṣirò 154 yẹn látìbẹ̀rẹ̀.