Bẹ́ ẹ ṣe lè fi pọ́díkáàsì mọ ìtàn àwọn onílẹ̀ Kánádà
Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìtàn àwọn onílẹ̀ Kánádà, ìyẹn àwọn tó ti ń gbébẹ̀ káwọn òyìnbó tó dé, ẹnu tiwọn gan-an ni kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Connie Walker, akọ̀ròyìn tó jẹ́ ọmọ Cree, ọ̀kan lára ẹ̀yà àwọn onílẹ̀ náà, ẹ wá pọ́díkáàsì ẹ̀ (ètò téèyàn ń gbọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) tó ń jẹ́ "Stolen: Surviving St. Michael's" tó gba Pulitzer, àmì ẹ̀yẹ ńlá fáwọn akọ̀ròyìn, lọ́dún 2023, ibẹ̀ ló ti tọpa ohun tójú bàbá ẹ̀ rí nílé ìwé bọ́ọ̀dìn tí ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì máa ń kó ọmọ àwọn onílẹ̀ sí láyé ìgbà kan, ọ̀rọ̀ yẹn wúwo gan-an o, ẹ rọra máa gbọ́ ọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ daunlóòdù ẹ̀ níbi tí Wi-Fi bá wà. Orúkọ ìlú tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ wá a lórí máàpù. Onílẹ̀ ni Cree, Inuit àti Métis, àmọ́ Cree yàtọ̀ sí Inuit, Métis náà sì dá dúró, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má pa wọ́n pọ̀.